Ohun Tí Yóò Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Adìẹ

Ìbéèrè méjì ló yẹ kí ọkọ mi bi mí ní òwúrọ̀ Sátidé ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ń so okùn bàtà rẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó sọ fún mi pé ìyá òun fẹ́ mú ọmọbìnrin wa lọ sí Ìṣẹ́yìn bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, pé ibẹ̀ ni yóò ti máa gbé, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa kàwé. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n mí. Ó so okùn kejì, ó ní kí ni mo máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ adìẹ àti pòtétò lọ́la.

Mo dúró, mo ń wò ó. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ ni, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ti ọmọ, ó sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé òjò ṣú. Ti adìẹ ló dúró gbọ́ èsì rẹ̀.

Lásìkò yẹn, ogun ti parí, owó epo sì ti dé. Báńkì tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé e kúrò ní Ìbàdàn wá sí Onitsha, a sì gba ilé kan ní Awada tí òórùn ọ̀dà rẹ̀ kò tíì lọ. Ilé tó kọjú sí tiwa, ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Lórí èyí tó tẹ̀lé e, àwọn bíríkìlà ń fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kún un. Gbogbo ènìyàn ló ń kọ́lé, gbogbo ènìyàn ló ń ra nǹkan. Ọkọ mi náà kò gbẹ́yìn: ó ra mọ́tò, ó ra sítóòfù onígáàsì, ó ra tábìlì ìjẹun tó gba ènìyàn mẹ́fà nígbà tí àwa jẹ́ mẹ́ta péré. Láti ọjọ́ tó ti lọ jẹun nílé ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n gbé adìẹ àti pòtétò síwájú rẹ̀, ló ti ń sọ pé bí ìyá òun bá wá, ohun tí àwọn máa jẹ nìyẹn. Ó ránṣẹ́ ra odidi àpò pòtétò láti Jọ́ọ̀sì. Ìyá rẹ̀ ní tiwọn gbé àkùkọ láàyè wọ bọ́ọ̀sì láti Ìṣẹ́yìn.

Nítorí náà, adìẹ jẹ́ ti ìyá, pòtétò jẹ́ ti ọmọ wọn. Èyí tó kù fún èmi láti fi ọwọ́ ara mi yàn ni ohun tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú túbọ̀ bí mi nígbà tí mo rí i pé bí ọ̀rọ̀ ọmọ mi náà ṣe rí nìyẹn. Wọ́n ti sọ ọ́ láàárín ara wọn, wọ́n ti fẹnu kò, kí wọ́n tó rántí pé mo wà nínú ilé.

N kò ní purọ́ mọ́ ìyá ọkọ mi. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n dé, ọmọ mi sáré jáde láàárín àwọn ọmọ àdúgbò, ó ń pariwo pé, "Mama nnukwu, nnọọ," ìyẹn ìyá àgbà, ẹ káàbọ̀ lédè Ìbò, wọ́n sì bojú wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí ọmọ náà ń kí. Wọ́n bi í pé ṣé ó ti jẹun, ó ní, "I don chop." Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wo ọkọ mi, wọn kò wo èmi. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Nínú ẹbí ọkọ mi, bí ìyá àgbà bá tọrọ ọmọ-ọmọ, ẹrù ọmọ ni wọ́n máa ń dì, wọn kì í jiyàn. Àwọn ìyàwó tó ṣáájú mi fún wọn, wọ́n tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Èyí tó bá kọ̀, wọ́n á ní ojú rẹ̀ ti là jù.

Ní òwúrọ̀ Sátidé náà, ọkọ mi fi òwe gbè ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Mo ní bí ojú bá pé igba lóòótọ́, ṣebí méjì tèmi wà níbẹ̀. Ó ní mẹkáníìkì ń retí òun, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó lọ.

Ìbínú ni mo gbé lọ sí ọjà Ochanja. Kí n tó dé ẹnu ọjà, mo ti pinnu: ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú nínú, mọ́ínmọ́ín, dòdò. Mo fẹ́ kí ìyá ọkọ mi rí i pé ohun tí ọmọ Yorùbá ń jẹ ni ọmọ yìí ń jẹ, pé bí ahọ́n rẹ̀ bá tilẹ̀ ń sọ Ìbò, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kò ṣìnà. Bí wọ́n bá rí ìyẹn, kí ni wọ́n tún fẹ́ mú un lọ kọ́ nílé?

Ṣùgbọ́n ta ló máa jẹ́ kí n ro èrò mi dópin? Obìnrin Yorùbá tó ń ta irú ní kí ni mo fẹ́ fi irú ṣe sí pòtétò, pé ọbẹ̀ ata dínńdín ló yẹ ẹ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ní bí ó bá jẹ́ àlejò pàtàkì ni, kí n lọ ra kábéèjì. Ẹni tó ń ta kábéèjì, tirẹ̀ ti rọ pátápátá, síbẹ̀ ó ń bínú pé mo ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ọjà ló mọ ohun tó yẹ adìẹ mi ju èmi lọ.

Aládùúgbò mi ló bá mi jáde lọ́jọ́ náà, obìnrin Ìbò kan tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa sí méjì. Mo ti ro ẹjọ́ mi fún un lójú ọ̀nà. Nígbà tó rí i tí mo ń ra ewé mọ́ínmọ́ín, ó fà mí lápá, ó mú mi dé iwájú àwọn tó ń ta ụgba. Èso igi kan ni ụgba, wọ́n máa ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á dì í sínú ewé títí á fi máa rùn fìn-ìn bí irú. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Ilé obìnrin yìí gan-an ló ti kọ́ ọ jẹ.

"Nwunye anyị, you no get sense," ó wí. Ìyàwó wa ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀ lédè wọn. "If you show am say the pikin dey chop their food, e go carry am go. Put ụgba for that table. Which mama go carry pikin wey no go chop for im house?"

Mo dúró sójú kan láàárín ọjà, àwọn alábàárù ń kígbe kí n yà fún àwọn. Ohun tó dùn mí ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, tèmi náà sì mọ́gbọ́n dání, ọ̀kan sì ń ba èkejì jẹ́. Bí mo bá gbé ẹ̀fọ́ kalẹ̀, ọmọ ti mọ oúnjẹ ilé, wàhálà kò sí, ẹ jẹ́ ó máa bá wọn lọ. Bí mo bá gbé ụgba kalẹ̀, ọmọ ti sọnù, ẹ jẹ́ ká tètè lọ gbà á padà. Ọ̀nà kankan kò sí tí obìnrin lè gbà se oúnjẹ yìí tí wọn kò ní mú ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ra méjèèjì.

Mo délé, mo bá agolo lórí tábìlì. Ọkọ mi ti ra ẹ̀wà inú agolo, ó ra kárọ́ọ̀tì, ó ra ìgò sàláàdì kírìmù, ó tún rí kábéèjì tó le ju èyí tí mo rí lọ. Ó ní nílé ọ̀gá òun, sàláàdì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní mo ti ra tèmi. Ó wo inú apẹ̀rẹ̀, ó fi ìka méjì mú ụgba jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà, ó ní ṣé èyí ni a máa gbé síwájú Màmá. Mo sọ fún un pé bí ohun tí mo yàn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó wá sínú kíṣìnnì. Ó lọ jókòó sí pálọ̀.

Nígbà tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ mi gbé àpótí wá sínú kíṣìnnì, wọ́n jókòó tì mí. Wọn kò fọkàn tán sítóòfù mi. Wọ́n ní iná tí kò ní èéfín, ta ló mọ ohun tó ń rò. Wọ́n wo pòtétò tí mo bó, wọ́n ní ó jọ ọ̀dùnkún tí àìsàn ṣe. Àkùkọ tí wọ́n gbé wá ti gbó, ó ń hó, kò rọ̀. Wọ́n sì wá bèèrè, àwọn náà, pé kí ló máa bá a lọ.

Mo dáhùn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Gbogbo ilé ló ń bi mí ní ìbéèrè kan náà. Bí mo ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, mo ń retí kí wọ́n ní, ìyàwó, ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ńkọ́, kí ni o rí sí i? Mo ti to èsì mi sẹ́nu láti àná. Wọ́n la ẹnu, mo tẹ́tí. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù.

Nígbà tí a jókòó, tábìlì ènìyàn mẹ́fà yẹn kún fọ́fọ́. Adìẹ àti pòtétò wà láàárín, sàláàdì ọkọ mi wà níwájú rẹ̀, ẹ̀fọ́, mọ́ínmọ́ín àti dòdò wà níwájú ìyá rẹ̀. Mo gbé ụgba sí ibi tí ọwọ́ ọmọ mi máa tó. Ìmọ̀ràn aládùúgbò mi ni mo tẹ̀lé nígbẹ̀yìn. Ọmọ náà kò wo adìẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ụgba ló bù sórí pòtétò, ó ń jẹ ẹ́ bí ẹni tí ebi ti ń pa láti ìjẹta.

Ìyá ọkọ mi ní kí nìyẹn. Wọ́n nawọ́ gba àwo náà, wọ́n gbé e símú, ojú wọn sì yí padà. Inú mi dùn, mo ní ó ti parí. Wọ́n bu díẹ̀ sẹ́nu, wọ́n jẹ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, wọ́n tún bù ú. "Irú àwọn ará ibí mà nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fa àwo náà sọ́dọ̀ ara wọn. Ẹ̀fọ́ tí mo rò nítorí wọn wà níbẹ̀, wọn kò fọwọ́ kàn án mọ́. Àwọn àti ọmọ mi jọ ń bu ụgba nínú àwo kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín síra wọn. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n.

Wọ́n ní ọmọ yìí ń jẹun dáadáa, kò ní yọ àwọn lẹ́nu nílé. Ọkọ mi mi orí, ẹnu rẹ̀ kún fún sàláàdì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi bi mí, kò sí ìjà nínú ohùn wọn, ìyẹn gan-an ni n kò lè fara dà.

"Ìyàwó, ìwọ lo mọ̀ ọ́n jù. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún un nílé, kí ni kí n máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

Mo fi ṣíbí sílẹ̀. Mo kúrò lórí àga, mo kúnlẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun tí ìyàwó ń sọ ní ìjókòó.

"Èmi ni, Màmá," mo wí. "Èmi ni kí ẹ máa fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì jókòó jẹun lálẹ́ rí tí n kò sí níbẹ̀. Ẹ má bínú, n kò lè fi í sílẹ̀."

Ọmọ mi ń wo àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ụgba ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi nu ọwọ́ wọn, wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé ìyàwó rẹ̀ ti dá àwọn lóhùn o, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá. Adìẹ tí wọ́n gbé la ọ̀nà jíjìn kọjá, ìdajì rẹ̀ ló kù sórí tábìlì. Ọkọ mi ní mo dójú ti òun níwájú ìyá tó bí òun. Mo ní wọ́n bi mí ni, mo sì dáhùn. Mo kó àwo lọ sínú kíṣìnnì, mo sunkún sórí wọn. Ìbínú ló pa mí lẹ́kún, kì í ṣe àbámọ̀. Títí di òní, n kò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ìyá ọkọ mi kò lo iye ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa lò. Àárọ̀ Túsidé la gbé wọn lọ sí ibùdókọ̀ Upper Iweka. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ mú wa pẹ́ lójú ọ̀nà. Mo bá wọn ru báàgì wọn dé inú bọ́ọ̀sì, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n wo ibòmíràn. Ọkọ mi lọ sanwó ọkọ̀. Mo ti fẹ́ máa lọ nígbà tí wọ́n pè mí láti ojú fèrèsé.

"Èyí tó dà bí irú yẹn," ni wọ́n wí. Wọn kò tíì wojú mi síbẹ̀. "Bí o kò bá fún mi lọ́mọ, fún mi nìyẹn."

Mo sáré wọ àárín àwọn tó ń tajà létí títì, mo ra gbogbo ụgba tó wà nínú àwo obìnrin àkọ́kọ́ tí mo rí, mo nà án sí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n gbà á, wọ́n fi sábẹ́ ìborùn wọn, bọ́ọ̀sì gbéra. Wọn kò wá sí Onitsha mọ́ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n lóṣooṣù ni mò ń fi ụgba rán awakọ̀ sí wọn. Ọmọ mi ló máa ń bá mi dì í.