Oríṣi Ìrẹ̀ Mẹ́ta Tí Sàdíátù Ń Sìn

Kí ọkọ Sàdíátù tó kú lọ́dún 2016 ni Sàdíátù fúnra rẹ̀ ti ń sin ìrẹ̀ sínú ike lẹ́yìnkùlé wọn ní Mgbuoba, àdúgbò kan tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni, ó sì fẹ́ fi ìwádìí lórí wọn gba oyè kejì ní yunifásítì. Oríṣi mẹ́ta ni: ìrẹ̀ kékeré inú ilé tó máa ń sá pamọ́ sẹ́yìn sítóòfù, ìrẹ̀ ńlá tó ń dá gbé inú ihò, àti èyí tó ní ọwọ́ bí ọkọ́, tó fi ń wú ilẹ̀ àbàtà. Ìbátan ni gbogbo wọn, àmọ́ ìwà wọn ò jọra.

Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ni Gàníyù ọkọ rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ló ṣubú sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò dìde mọ́. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ìsẹ́yìn, ìlú rẹ̀. Sàdíátù bá wọn lọ, kò sunkún. Àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ pé ọkàn rẹ̀ yigbì. Òun náà ń wá ẹkún, kò rí i. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ki òwú bọ̀ nínú.

Ó padà wá ṣe opó nínú ilé. Ibiere, ọmọ Kalabari tí wọ́n jọ ń gbé ọgbà kan náà, ló ti ń bá a fún àwọn ìrẹ̀ lóúnjẹ. Ibiere ní àwọn ìrẹ̀ kékeré inú ilé ti kú tán, wọ́n tiẹ̀ jẹ òkú ara wọn. Sàdíátù ṣí ike náà wò. Ẹyin ti pa, àwọn ọmọ tó kéré bí èèrà ń fò kiri láìní ìyá. Bí tiwọn ti rí nìyẹn: abo á yé ẹyin sílẹ̀ tútù, á bá tirẹ̀ lọ, ìran kan á sì tún tẹ̀ lé òmíràn láàárín ọdún. Ìrẹ̀ ńlá ò yára bẹ́ẹ̀. Ìran kan ṣoṣo ni lọ́dún, ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní láti gbẹ́ ihò tirẹ̀. Ti àbàtà ló ń jókòó ti ẹyin, tó ń nù wọ́n títí wọ́n á fi pa.

Àárọ̀ kan, Aaliyah ọmọ rẹ̀, tí Yorùbá rẹ̀ ò já gaara, bá a nídìí ike.

"Mummy, you no go cry for Daddy?"

"Wíwò yìí nìkan ni agbára mi ká," ni Sàdíátù dáhùn. "Tí ẹkún bá dé, wàá gbọ́."

Ọmọ náà fa àpótí, ó jókòó tì í.

Tàjúdéènì, ẹ̀gbọ́n Gàníyù, pè láti Ìsẹ́yìn pé kí wọ́n máa kó bọ̀ nílé. Sàdíátù dúpẹ́, ó ní ó di ìgbà tóun bá parí iṣẹ́ ìwádìí òun.

Nígbà tó jáde opó, ó gbé ike mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí kíláàsì rẹ̀ ní Rumuomasi. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ akọ nìkan ló ń dún. Ó ní kí abo lè mọ ibi tó wà ni. Ohùn rẹ̀ ò yí padà. Ó kọjú sí pátákó, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà, ó ra bọ̀lì àti ẹja yíyan létí títì, ó jẹ ẹ́ lóòró. Ata ta á lẹ́nu; láti ọjọ́ ìsìnkú, òun ni ohun àkọ́kọ́ tó ta á lára. Ó ní kí wọ́n bu sí i.

Ó gba oyè náà nígbẹ̀yìn. Mgbuoba ni òun àti Aaliyah ṣì ń gbé.