Ihò Ara Àpò Kòkó

Ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni mo ń tà nígbà tí àwọn sójà ń ṣèjọba. Nǹkan wọ́n bí ojú, ọ̀rá ìpọ́nǹkan ò sí lọ́jà, ni ewé wa bá di ọ̀gá. A ó já a nínú igbó Ajue, a ó dì í sẹ́yìn píkáàpù ní Ọ̀rẹ̀, ó di Bíní. Ṣùgbọ́n tí ewé bá ti ya, oníbàárà ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ kan mo ra tapólì tuntun láti fi bo ẹrù mi. Ó ń dán bí orí apárí. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń ná ọjà náà fi àpò kòkó ògbólógbòó bo tirẹ̀ ní ìpele méjì.

Mo ní, "Ìyá, ṣé asẹ́ gàrí lẹ fi bo ewé ni?"

"Máa dán lọ, ìyàwó. Afẹ́fẹ́ ò mọ tuntun."

Dírẹ́bà wa ò mọ ìrìn jẹ́jẹ́. Bó ṣe bọ́ sí títì márosẹ̀, ó tẹná. Mo bojú wẹ̀yìn. Tapólì mi kọ́kọ́ wárìrì, ó wá ń ru bí omi odò, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í na ewé mi: pà! pà! pà! Àpò ìyá sùn lọ fọnfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ní kí dírẹ́bà dúró. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fọ̀bẹ dá ihò ràgàjì kan sí tapólì kí afẹ́fẹ́ lè gbabẹ̀ jáde. A ò tíì rìn jìnnà tí afẹ́fẹ́ fi fà á ya dé ìdí.

Dírẹ́bà bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún un!"

Ìyá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí ìpele kan kúrò lórí ẹrù tirẹ̀, ó fi bo tèmi. Ó ní, "Ihò wínníwínní tó pọ̀ ló ń tú afẹ́fẹ́ ká. Bó ṣe ń ki orí bọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rẹ̀ ẹ́. Ihò ńlá kan ṣoṣo, ilé lo kọ́ fún un."

Dírẹ́bà tún tẹná. Ẹrù mi ò mira. Ewé òkè ti ya lóòótọ́, àmọ́ gbogbo tìsàlẹ̀ pé, kí oòrùn sì tó kanrí ní Bíní, mo ti tà á tán.

Ìyá ní, "Gbé àpò mi wá, kó o má sì bú ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ kan."

"Ẹ ṣeun, ìyá. Àpò lẹ yá mi, ẹ ò yá mi lẹ́nu."