Ọjọ́ Orí Wisikí Tí Mo Gbé Lọ Sílé Àna

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Bonabéri fún yín. Ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rín báyìí. Lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ẹ̀rín o!

Káyọ̀dé, àkọ́bí mi, ló rí ìyàwó. Solange lorúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ ẹ̀yà Bassa ni. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n mọra, ó ti ń kúnlẹ̀ kí mi: "Ẹ káàárọ̀, Bàbá, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi tí mo ti lo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ní Douala, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, nídìí ẹ̀yà ara mọ́tò tí mò ń tà, Faransé mi kò kọjá ìkíni "ça va" àti iye ọjà. Pidgin ni mo fi ń jẹun.

Papa Nlend, bàbá ọmọ náà, ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pọ́ọ̀tù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́ wisikí Scotland wò, ojúlówó tí wọ́n ń pè ní single malt. Káyọ̀dé ti kì mí nílọ̀ pé bàbá náà kì í fi ọ̀rọ̀ wisikí ṣeré. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ mọ ìdí? Mo ní ọ̀kan nílé!

Ọdún tí Káyọ̀dé wọ ilé ìwé girama ni mo rà á. Wọ́n kọ ọdún méjìlá sí i lára. Mo ní ọjọ́ ìtọrọ ìyàwó ọmọ yìí la ó ṣí i. Mo fi aṣọ wé e, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja nísàlẹ̀ àpótí mi bí ọmọ tó ń sùn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Èmi alàgbà ìjọ, n kò fẹnu kàn án rí. Mo wá ṣírò rẹ̀: méjìlá pẹ̀lú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Àgbà ọtí! Ta ló fẹ́ bá mi díje?

Lọ́sàn-án Sátidé ìtọrọ náà, a gba orí afárá odò Wouri kọjá lọ sí Bonabéri, èmi, ìyàwó mi àti Káyọ̀dé. Wọ́n gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò, mo dìde, mo gbé ìgò mi jáde, mo ní kí Káyọ̀dé túmọ̀ rẹ̀ fún wọn dáadáa: ọtí yìí ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Káyọ̀dé wò mí. Ó túmọ̀ rẹ̀.

Papa Nlend yí ìgò náà síwá sẹ́yìn. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n kọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí. Mo ní ṣé wọ́n kọ ọjọ́ orí tèmi síwájú orí mi ni? Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní kí òun ṣí i. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e já! Ìdajì bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyókù fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ọtí. Ó gbé ìgò sókè sójú ìmọ́lẹ̀, ọtí inú rẹ̀ ti fà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Tata Marthe, pòṣé: "Les Nigérians et leurs bouteilles!" Faransé tí mi ò gbọ́, ìyẹn yé mi yékéyéké: àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ìgò wọn! Ayédèrú ló ń pè é.

Ta ni yóò fi ọmọ fún ọmọ ẹni tó gbé ayédèrú wá sílé àna? Solange dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó káwọ́ gbera. Káyọ̀dé ń wo ilẹ̀.

Papa Nlend fi asẹ́ tíì sẹ́ ọtí náà. Ó lọ gbé ìgò méjì tirẹ̀ wá, ilé ìpọntí kan náà ló pọn wọn pẹ̀lú tèmi: ọ̀kan ọdún méjìlá, ọ̀kan ọdún méjìdínlógún. Ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ife mẹ́ta ló gbé síwájú mi. Ó ní, "Papa, show me ya own pikin."

Ìyàwó mi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Alàgbà ìjọ, níbo ni mo ti mọ ọtí tọ́ wò? Ṣùgbọ́n ta ló tó kọ̀?

Ife kìíní: oyin, àti òórùn ápù tútù, ó ta mí lẹ́nu, ó sì tán. Ìkejì: hàá, ìyàtọ̀ dà? Oyin náà, ápù náà! Ìkẹta ńkọ́? Òórùn igi gbígbẹ, èso àjàrà gbígbẹ, atalẹ̀ díẹ̀. Ó gba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́jẹ́, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tó mọ iyì ara rẹ̀. Inú mi dùn dẹ́yìn. Mo nàka sí i: "Na dis one be my pikin!"

Tirẹ̀ ni. Ọlọ́dún méjìdínlógún rẹ̀ ni.

Tata Marthe pàtẹ́wọ́. Mo ní kí Káyọ̀dé bá mi sọ pé n kò parọ́, pé mo fọwọ́ ara mi tọ́jú ìgò náà ni.

Papa Nlend gbé ife kìíní, ó tọ́ ọ wò. Ó gbé ìkejì. Ó tún padà sí ìkíní. Ó pẹ́ o! Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé ayédèrú kọ́, pé kò sí ayédèrú tó lè bá ọlọ́dún méjìlá òun dọ́gba báyìí. Ó ní inú àgbá igi ni wisikí ti ń dàgbà. Bí wọ́n bá ti rọ ọ́ sínú ìgò tí wọ́n dé e, ó parí; kó lo ọgọ́rùn-ún ọdún níbẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni. Kọ́ọ̀kì ńkọ́? Èmi ni mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, ọtí sì jẹ ẹ́ rà. Ìnàró ni wọ́n ń gbé e sí!

Ó wá béèrè ohun tí kò jẹ́ kí n mu ún láti ọjọ́ yìí. Mo ní kì í ṣe tèmi. Ti ọmọ yìí ni.

Ó gbé ife kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pe Solange. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí àna bá gbé ọtí wá, ọmọbìnrin ni bàbá ń bi bóyá kí òun mu ún. Bí ó bá gbé ife fún un, ó ti gbà nìyẹn. Bàbá nawọ́ sí gbogbo ọtí tó wà lórí tábìlì, ó ní kó mú èyí tó bá wù ú.



Solange ò wo ọlọ́dún méjìdínlógún. Ìgò mi gan-an ló gbé, tòun ti èérún kọ́ọ̀kì. Ó tún sẹ́ ẹ sínú ife, ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún bàbá rẹ̀. Papa Nlend mu ún gbẹ. Ìyàwó mi bú sẹ́kún ayọ̀.

Tata Marthe ló kọ́kọ́ hó yèè! Ó wá yíjú sí mi, ó bi mí pé ọdún mélòó ni mo ti lò ní Douala. Mo sọ ọ́. Ó ní, "Twenty-eight! And you no di speak French? Papa, dem cork you too!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín in, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára.

Ẹ̀yin ará, ká pẹ́ níbì kan kò ní ká dàgbà níbẹ̀. Ní báyìí, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Solange ń kọ́ mi ní Faransé. Lánàá, mo fi Faransé náà ra búrẹ́dì ní àdúgbò Yassa. Ìyá tó ń tà á rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n búrẹ́dì tí mo béèrè gan-an ló fún mi!

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ dé mọ́ inú ìgò, tí ẹ sì ń ka ọjọ́ orí fún? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ kí n kà á. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kọ̀wé, ẹni tó bá tẹ́ wisikí sílẹ̀ nínú àpótí, kó sáré lọ gbé e nàró ná!