Ọ̀rọ̀ Ilé Ìdáná Tó Dé Ibi Ìpàdé

Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí iṣẹ́ kóòtù tó ti ń ṣe látìgbà tó ti kúrò níléèwé. Iwájú ìjókòó adájọ́ ni ìjókòó tirẹ̀ wà. Ohun tí lọ́yà bá béèrè, ohun tí ẹlẹ́rìí bá fi dáhùn, òun ló ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bó pẹ́ bó yá, yóò fẹ́ sọ tirẹ̀. Ohun tó gbé e lọ kàwé nìyẹn.

Ìṣèlú láàárín orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ló yàn láti fi gba oyè kejì ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ náà kì í jókòó sójú kan. Yunifásítì mẹ́ta ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá parí sáà kan níhìn-ín, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò kọjá sí ibòmíràn. Nígbà tó ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀, ìyá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè pé:

"Orílẹ̀-èdè mẹ́ta fún ìwé-ẹ̀rí kan ṣoṣo? Ṣé ńṣe ni ìwé náà ń sá fún yín ni?"

Ní orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́, wọ́n fi òun àti obìnrin mìíràn kan sí yàrá kan náà. Obìnrin náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó sì ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì rí, ni Akọ̀wé bá ń pè é ní Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Yàrá wọn kò fẹ̀: ibùsùn méjì, tábìlì kan lábẹ́ fèrèsé, àti ilé ìdáná tí ènìyàn méjì kò lè yípo nínú rẹ̀ láìfara kanra. Wọ́n jọ ra ìkòkò ńlá kan tó nídìí nípọn, tòun ti ìdérí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọjá sí orílẹ̀-èdè kejì, wọ́n fi aṣọ òtútù Akọ̀wé wé e, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí wọ́n fi dé.

Nọ́ọ̀sì wò ó lórí sítóòfù tuntun, ó ní, "Ìkòkò yìí ti rìnrìn àjò ju bàbá mi lọ."

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń gé àlùbọ́sà, kò gbójú sókè. Nílùú wọn, ìjọba fẹ́ sé odò kan. Bàbá rẹ̀ ni olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ etí odò náà. Àwọn ará ìlú ní àwọn kò fẹ́. Bàbá lọ fọwọ́ sí ìwé láìsọ fún ẹnì kankan. Omi gba oko gbogbo wọn. Títí di òní, bí bàbá bá ń kọjá lọ, ilẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wò.

"Ìdí tí mo fi wá kàwé yìí nìyẹn," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ìwọ nìkan ni mo sọ fún o."

Akọ̀wé ní òun gbọ́.

Ní sáà yẹn, olùkọ́ wọn, bàbá àgbàlagbà kan tó ti ṣojú ìjọba rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè rí, pín kíláàsì sí méjì fún ìdánrawò. Àwọn kan ni orílẹ̀-èdè òkè odò, àwọn kan ni orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ odò. Odò ọ̀hún kò sí lórí máàpù kankan. Òkè odò fẹ́ sé e, ìsàlẹ̀ odò kò fẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí àdéhùn kí sáà tó parí. Máàkì wà níbẹ̀. Akọ̀wé bọ́ sí òkè, Nọ́ọ̀sì bọ́ sí ìsàlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní bí wọ́n bá bi àwọn tó ń gbé etí odò léèrè, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò gbà. Ọkùnrin kan nínú àwọn ará òkè, tí wọ́n ń pè ní Sójà, torí pé ó ti jagun rí, ń fẹsẹ̀ gún Akọ̀wé lábẹ́ tábìlì pé kó sọ nǹkan. Akọ̀wé ti gbọ́ lọ́yà púpọ̀ láyé rẹ̀. Bí ẹjọ́ bá le, wọ́n a fi ẹjọ́ sílẹ̀, wọ́n a dojú kọ ẹlẹ́jọ́. Ó dìde.

"Bàbá aṣojú tó ń sọ̀rọ̀ yìí gan-an ń gbé etí odò," ó wí. "Ó fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni kò fi ìbọn mú un."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní òun kò ní ohun tí òun tún fẹ́ sọ, kí wọ́n sì tó túká, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbà kí wọ́n sé odò. Sójà gbá Akọ̀wé léjìká, ó ní lọ́yà ló fara pa mọ́ sára akọ̀wé. Orí àtẹ̀gùn ni Akọ̀wé ti wá rí ohun tó ṣe.

Nọ́ọ̀sì kò bá a jà. Ì bá sàn kó jà. Ó ń kí i láàárọ̀ bí ẹni ń kí ará ibi iṣẹ́, ó ń fi páànù kékeré se oúnjẹ tirẹ̀, ó ń fọ àwo tirẹ̀ nìkan. Akọ̀wé bẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó tún bẹ̀ ẹ́. Èsì kan náà ni: "Mo ti gbọ́." Wọ́n ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ pé ilé kan náà làwọn yóò gbà ní orílẹ̀-èdè kẹta. Nọ́ọ̀sì ń lọ aṣọ nígbà tó sọ pé òun ti bá àwọn mìíràn sọ̀rọ̀ ilé. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń kàwé, òun nìkan ló máa ń mọ̀ bí Akọ̀wé kò bá rí oorun sùn. Akọ̀wé kò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó rò ó fún un láìfi apá kan pa mọ́.

"Níbo lo ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn?" ni ìyá béèrè.

"Nínú kíláàsì, lójú gbogbo wọn."

"Níbo lo ti ń bẹ̀ ẹ́?"

"Nínú ilé ìdáná, Màámi."

Ìyá ní, "O bú u lójú ọjà, ò ń bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀bẹ̀ yẹn kò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà."

Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn, Akọ̀wé nawọ́ sókè kí olùkọ́ tó ṣí ìwé. Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, pé ohun tí òun sọ nípa bàbá aṣojú ìsàlẹ̀ odò, ẹni tó ni ín ló fọkàn tán òun tó sọ ọ́ fún òun, kì í ṣe ti òun láti mú wá síbẹ̀. Òun bẹ aṣojú náà, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀. Olùkọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní ohun tí a bá ti sọ nípàdé kì í kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ẹyin lohùn, èyí tó ti bọ́ ti fọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n aṣojú lè dá ohun tó fi ọ̀rọ̀ náà gbà padà, ìyẹn bí ìsàlẹ̀ odò ṣe gbà kí wọ́n sé odò. Ṣé yóò dá a padà?

Sójà di apá aṣọ rẹ̀ mú. "Máàkì gbogbo wa ló wà níbẹ̀ o. Kì í ṣe tìẹ nìkan."

Akọ̀wé bẹ olùkọ́ pé kó yọ máàkì nínú ti òun nìkan. Olùkọ́ kọ̀. Ó ní bí aṣojú bá jẹ̀bi, orílẹ̀-èdè rẹ̀ ló ń san án. Akọ̀wé ní òun dá a padà. Wọn kò rí àdéhùn kankan fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà, àwọn ará òkè odò sì fìdí rẹmi nínú apá yẹn. Sójà kò kí i mọ́ títí wọ́n fi kúrò ní orílẹ̀-èdè ọ̀hún. Ó jàre. Nọ́ọ̀sì náà kò wo apá ibi tó wà.

Nígbà tí ọjọ́ àtilọ pé, yàrá ti ṣófo, ìkòkò nìkan ló kù lórí sítóòfù. Ẹni kìíní fi í sílẹ̀ fún ẹnì kejì, ẹnì kejì náà fi í sílẹ̀ fún ẹni kìíní. Akọ̀wé ní kí àǹtí máa gbé e lọ. Nọ́ọ̀sì ṣí ìdérí kúrò, ó nù ún gbẹ, ó fi í sínú báàgì tirẹ̀.

"Ìwọ gbé ìkòkò," ó wí.

"Ìkòkò láìní ìdérí, àǹtí? Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi se nǹkan?"

"Bó o bá fẹ́ se nǹkan, o mọ ibi tí ìdérí wà." Ó fa síìpù báàgì. "Ṣùgbọ́n má bi mí ní ọ̀rọ̀ bàbá mi mọ́."

Akọ̀wé ní òun kò ní bi í.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè kẹta, ó gbé ìkòkò lé itan nínú bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó jókòó tì í wò ó títí, ó wá béèrè pé ìdérí rẹ̀ ńkọ́. Akọ̀wé ní ó wà níbi tí òun ń lọ.