Ẹ̀bà Inú Rédíò Bàbá Mi

Ìyá mi fún mi di ọjọ́ Sátidé. Ó ní, "Tí rédíò bàbá ẹ bá ṣì ń ha báyìí, oníkọ́ńdẹ̀m ló máa gbé e lọ." Gbogbo Sátidé ni ọkùnrin yẹn máa ń ti ọmọlanke rẹ̀ gba àdúgbò wa ní Lótò, tó ń ra ohun tó ti bàjẹ́. Ogún ọdún ni mo ti ń tún rédíò ṣe ní Mówé, mo sì máa ń fọ́nnu. Kí ti bàbá mi tó ti kú wá bọ́ sọ́wọ́ oníkọ́ńdẹ̀m? Láéláé!

Tí ohùn rédíò náà bá wà nílẹ̀, kò sí wàhálà. Kí èèyàn ṣá yí i sókè díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, á máa gbọ̀n. Mo fọ ibi tí a fi ń yí ohùn, pàbó. Mo pààrọ̀ kàpásítọ̀ mẹ́ta, mo jó tiransísítọ̀ tuntun sí i, síbẹ̀ ó ń ha. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi òòlù bá a sọ̀rọ̀. Ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ní, "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o."

Lọ́sàn-án Jímọ̀, mo já wáyà kúrò lára sípíkà rẹ̀, mo so ó mọ́ òmíràn tó wà lórí tábìlì. Ohùn jáde gaara! Mo pariwo, "Ọwọ́ bà ọ́!" Sípíkà gan-an ni ọ̀daràn.

Mo tú u. Bébà dúdú iwájú rẹ̀ ti ya, ẹnì kan sì ti fi ìwé lẹ̀ ẹ́. Ìwé yẹn ti ṣí lápá kan, òun ló ń gbọ̀n. Ẹ̀bà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ó ti gbẹ kankan. Ìṣirò wà lára ìwé náà, tíṣà ti fi bíírò pupa fagi lé e. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni.

Mo rántí: ọmọ ọdún mẹ́jọ, mò ń jẹ ẹ̀bà, mo fi igi ìgbálẹ̀ gún aáyán tó sá wọ inú rédíò, bébà sípíkà ni mo gún ya. Títí bàbá mi fi kú, bátìrì ló ń dá lẹ́bi, àràárọ̀ ló ń sá a sóòrùn.

Mo jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí ẹ̀. "Bàbá ẹ mọ̀. Ó ní n ò gbọdọ̀ bá ẹ wí, pé o kúkú ti gbìyànjú àtitún un ṣe. Bátìrì tó ń sá yẹn, ó fi ń bo àṣírí ẹ ni."

Omi bọ́ lójú mi. Mo ṣí ìwé yẹn kúrò, mo fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti gọ́ọ̀mù gidi lẹ ojú ibẹ̀, mo jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Sátidé, mo yí ohùn dé òpin. Kò ha, kò gbọ̀n. Inú mi dùn bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé. Oníkọ́ńdẹ̀m dé, ó ń polówó, ìyá mi sì sáré jáde, ó ń pariwo pé, "Kò sí kọ́ńdẹ̀m níbí o!"

Ọkùnrin náà kò gbọ́. Rédíò bàbá mi ti bo ohùn àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.