Orúnkún Bàbá àti Aginjù Orí Òkè

Ọjọ́ tí Fọlákẹ́ gbé àwòrán ilé náà síwájú bàbá rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá béèrè ni irú ẹran tó wà níbẹ̀. Mo wà nídìí iná, mò ń se óòtì lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí n da ìkòkò nù.

"Ẹran báwo, Daddy?" ni Fọlákẹ́ wí.

"Ẹtu. Ìgalà. Ṣebí aginjù lo pè é?"

Fọlákẹ́ wo fóònù rẹ̀, ó wò mí, ó tún wo fóònù. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, aginjù ni.

Iṣẹ́ títọ́jú arúgbó nínú ilé wọn ni mo ṣe ní Bronx títí mo fi fẹ̀yìn tì. Hóòmù kíà là ń pè é. Ní ọ́fíìsì tó ń rán wa níṣẹ́, wọn kì í sọ pé ènìyàn ni wọ́n gbé fún ọ. Kéèsì ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé àwa àti ọlọ́pàá la jọ ń ṣiṣẹ́. Kéèsì kan lè jẹ́ màmá tí kò lè dá wẹ̀, òmíràn lè jẹ́ bàbá tó ti gbàgbé orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò gbàgbé ẹyọ ọ̀tá kan. Kéèsì tèmi ní Castle Hill ni bàbá Fọlákẹ́, ọmọ ọdẹ láti ìhà Ìgbòho, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dáná ní kíṣìnì ọsibítù kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó kọ̀ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Fọlákẹ́ nìkan lọmọ tó bí. Ibí ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Manhattan, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ sì ń pè é ní Lake, bí ẹni ń pe adágún omi. Ó ń jẹ́ wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun àtẹ̀gùn dé ilé náà, Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fara ti ọ̀pá. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní Bísí lorúkọ mi. Ó bi mí pé ọmọ ibo ni mí, mo ní Ìjẹ̀bú.

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Mo ti ń wò ọ́ bọ̀ láti ìsàlẹ̀. O ń rìn bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ tó sọnù."

Mo ní kò burú, pé Ìjẹ̀bú tó ń wá kọ́bọ̀ ṣì sàn ju ará Òkè Ògùn tó fi gbogbo kọ́bọ̀ tirẹ̀ ra fìlà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, Fọlákẹ́ sì yọjú láti inú ilé wá wò wá. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé iṣẹ́ yẹn á bá mi lára mu.

Èébú ló ń mú Bàbá wà láàyè ju oògùn lọ. Ní ìsàlẹ̀ ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, bẹ́ǹṣì kan wà tí òun àti Papo máa ń jókòó sí. Ará Puerto Rico ni Papo, onígbàjámọ̀ ni kó tó di arúgbó. Bàbá ti kọ́ ọ ní èébú Yorùbá kó tó ronú àtikọ́ ọ ní ìkíni. Bí èmi àti Bàbá bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, Papo á ti lọgun: "Arúgbó, o ò tíì kú?" Bàbá á ní òun ń dúró kí òun kọ́kọ́ sin Papo ná. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé ìjà ni.

Ṣùgbọ́n orúnkún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Bí òtútù bá ti dé, Bàbá á máa kérora lórí àtẹ̀gùn, á dúró, á tún gbé ẹsẹ̀ kan. Ní ọjọ́ ìsinmi mi kan, ó ṣubú níbẹ̀. Papo ló rí i, Papo ló pe áḿbúláǹsì. Fọlákẹ́ wà nínú ìpàdé, ó ti pa fóònù rẹ̀. Nígbà tó fi dé ọsibítù, wọ́n ti rán orí bàbá rẹ̀, ó ti ń bú dókítà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti kó sí ọmọbìnrin yẹn lára, tí kò sì jáde mọ́. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, á béèrè bàbá rẹ̀ kó tó kí ẹni tó pè.

Bó ṣe di pé ó ń wá ilé ìfẹ̀yìntì kiri nìyẹn. Ó kà á níbì kan pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ dára fún orúnkún, ó sì rí ọgbà àwọn arúgbó kan ní New Mexico, lórí òkè gíga tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Bàbá ní òfin kan nínú ilé rẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ òun, kó fi Yorùbá tọrọ rẹ̀. Bàbá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa o. Ká ní Fọlákẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ni, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ì bá parí sí. Fóònù ló bi léèrè ohun tí Yorùbá ń pe desert, fóònù sì ní aginjù.

Bẹ́ẹ̀ ni a jókòó yí tábìlì kan ká, tí kálukú ń wo aginjù tirẹ̀. Igbó kìjikìji tí bàbá rẹ̀ ti ń pa ìgalà ni Bàbá ń wò, ibi tí igi ṣú dùdù tí omi sì ń ṣàn lábẹ́ ewé. Èmi ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ni mò ń wò, pẹ̀lú ogójì ọdún ìkùnsínú wọn. Ti Fọlákẹ́, ibi tí àwọn òyìnbó tó ti darúgbó ti ń na ara lórí ẹní, ohun tí wọ́n ń pè ní yóógà, ni. Mo lanu pé kí n là á yé wọn pé aṣálẹ̀ ni ibi tí wọ́n ń wí yìí, Bàbá ní kí n gbájú mọ́ óòtì mi. Ojú rẹ̀ ti ń dán. Ó ní òun á lọ wò ó.

Fọlákẹ́ ní kí n bá wọn lọ kí n lè máa tọ́jú Bàbá. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú tí a wọ mọ́tò, Bàbá fi ojú mọ́ fèrèsé. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta, pẹ̀lú àwọn igi kúńkú tí kò tó ewúrẹ́ í fara pamọ́ sí. A rìn títí, kò yí padà. Bàbá wá yí ojú sí ọmọ rẹ̀.

"Fọlákẹ́, ta ló gé aginjù náà tán?"

Fọlákẹ́ tún wo fóònù rẹ̀.

A dé ọgbà náà, ó kú díẹ̀ kí n sunkún. Ilé amọ̀ ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Amọ̀ gidi, àwọ̀ amọ̀, igi àjà yọ síta lára ògiri. Irú ilé tí bàbá mi wó kanlẹ̀ nígbà tó rí owó ra bíríkì, òun ni wọ́n ń pè ní ilé ìgbàlódé níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó ń ta ilé jáde pàdé wa, ó fi yẹtí aláwọ̀ búlúù ńlá sétí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ti pẹ́ tó rí ènìyàn. Bàbá gbọ́ ohun gbogbo tó sọ, ṣùgbọ́n bí inú bá bí Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì máa ń fò lọ lórí rẹ̀. Èmi ni mo di ògbufọ̀.

"Ó ní oòrùn ń ràn níbí lójoojúmọ́," ni mo wí.

"Bi í pé kí ni wọ́n ṣe tí wọ́n fi ń jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀."

Mo sọ fún obìnrin náà pé Bàbá ní ó dára púpọ̀.

"Ó ní kò sí ariwo kankan. Tọ̀sán tòru, ibí á pa rọ́rọ́."

"Ṣé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Mo ní Bàbá ń kí wọn kú iṣẹ́. Obìnrin náà wá na ọwọ́ sókè, ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé a sún mọ́ ojú ọ̀run ju bí a ṣe sún mọ́ ọn ní New York lọ. Èyí ni Bàbá kò dúró kí n túmọ̀.

"Ní ọjọ́ orí mi yìí? Sọ fún un pé mi ò kánjú."

Wọ́n gbà kí a sun ọjọ́ mélòó kan nínú ilé kan kí a fi wò ó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ètè Bàbá ti bẹ́, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, gìgísẹ̀ mi ti là bí ilẹ̀ oṣù kejì. Bàbá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́, ó sì fi ọwọ́ lu itan.

"Ọyẹ́ nìyí! Bísí, ọyẹ́ ni! Ọyẹ́ tí mo sá kúrò nídìí rẹ̀ ní kékeré, wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú gbé mi wá bá a."

Ó tún burú ju ọyẹ́ ilé lọ, torí ti ilé á dé, á sì lọ. Eléyìí ń gbé ibẹ̀ ni. Òwúrọ̀ tutù bíi Bronx, ọ̀sán ń jó ni, ìrọ̀lẹ́ a tún máa wá kóòtù. Mo fi òrí tí mo kó sínú báàgì pa Bàbá láti orí dé ẹsẹ̀, mo fi èyí tó kù pa ara mi, àwa méjèèjì sì ń dán bí àkàrà.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan ṣẹlẹ̀ tí kò sẹ́ni tí ó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Orúnkún Bàbá yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó dúró ní àárín yàrá láìsí ọ̀pá. Ó rìn lọ síbi fèrèsé, ó rìn padà. Fọlákẹ́ fi ọwọ́ bo ẹnu. Inú mi dùn fún un, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú kéèsì tí ọ́fíìsì máa gbé fún mi tí Bàbá bá ṣí lọ, bóyá èyí tó ní ajá.

Bàbá wọ bàtà, ó de fìlà, ó ní òun ń lọ nasẹ̀. Mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó ń rìn bí ọ̀dọ́kùnrin. Ó kọjá ilé kan, ilẹ̀kùn tì. Ó kọjá òmíràn, ilẹ̀kùn tì. Ó dúró, ó kígbe sínú afẹ́fẹ́ pé, "Ẹ kú ọyẹ́ o!" Kò sí ohùn. Ọkùnrin kan gun mọ́tò kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré gọ́ọ̀fù kọjá, ó juwọ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín dáadáa, kò sì dúró. Bàbá ń wò ó títí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀. Nígbà tí a padà délé, ó jókòó, ó fi ọwọ́ ra orúnkún náà.

"Ó ti yá," ni ó wí. "Kò wá síbi tí yóò gbé mi lọ."

Lórí oúnjẹ alẹ́, ó ní òun fẹ́ padà sí Castle Hill. Fọlákẹ́ ju fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Daddy, mi o fẹ ki wọn tun pe mi pe ẹ ti ṣubu." Mi ò gbàgbé àmì ohùn o. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò ní yé? Omi ti lé ròrò lójú rẹ̀.

Bàbá kò bú u. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀.

"Nígbà tí mo ṣubú, ta ló rí mi?"

"Papo."

"Tí mo bá wá ṣubú níbí?"

Fọlákẹ́ wo fèrèsé. Gbogbo ìdákẹ́rọ́rọ́ tí obìnrin òyìnbó yẹn fẹ́ tà fún wa ló wà níta níbẹ̀. Ó bú sẹ́kún, Bàbá fà á mọ́ra, èmi náà dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

A padà sílé. Ní ẹnu ọ̀nà, Papo na ọrùn, ó ní, "Arúgbó, o ò tíì kú?" Mi ò tíì rí i kí ojú ènìyàn tàn tó bẹ́ẹ̀ nítorí irú ìbéèrè yẹn. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ló dààmú àwọn onílé títí wọ́n fi fún Bàbá ní yàrá ní ìsàlẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí bẹ́ǹṣì náà. Bí òtútù bá ń mú orúnkún, ó ń kérora, ṣùgbọ́n etí ń gbọ́ ọ, ẹnu sì ń dá a lóhùn. Ibẹ̀ ló wà tó fi sùn. Níbi ìsìnkú rẹ̀, Papo dúró létí pósí, ó fi Yorùbá bú Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, alùfáà wa sì wo òkè bí ẹni tí etí ń dùn.

Ẹ ẹ̀ ní gba èyí gbọ́: Fọlákẹ́ ló padà ra ilé amọ̀ náà. Ó ní ibẹ̀ tu òun lára, fóònù kì í dún. Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ Sunday tí kì í pè mí nílé mi ní Williamsbridge, bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ó di kí ọbẹ̀ jóná. Yorùbá ló ń sọ. Ẹnu rẹ̀ ti ń là díẹ̀díẹ̀, torí èmi nìkan ló rí bá sọ̀rọ̀.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí, gbígbé arúgbó sókè gbé arúgbó sílẹ̀ sì ti ba orúnkún tèmi náà jẹ́. Ó gbọ́ ọ nínú ohùn mi lọ́sẹ̀ tó kọjá.

"Àǹtí Bísí, ẹ máa bọ̀ níbí. Afẹ́fẹ́ ibí á wo orúnkún yín."

Mo ní mo gbọ́ ti afẹ́fẹ́. "Ta ló wà níbẹ̀ tí yóò máa bú mi?"

  Mo gbọ́ tó rọra rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, mo mọ bí ẹ ṣe ń rìn. Ẹ ń rìn bí ẹni tó ń wá kọ́bọ̀ tó sọnù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ẹnìkan kò tíì fi "ẹ" bú mi rí. Gbogbo àmì ohùn ló bọ́ sí àyè wọn, ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún. Lánàá, mo lọ ra òrí ní White Plains Road, agolo ńlá. Ìbẹ̀wò ni o, mi ò sọ pé mò ń kó lọ.