Ohun Tí Mo Fi Síkàáwọ́ Ẹnìkejì Àdúrà Mi

Nígbà tí wọ́n gé ọmú mi òsì kúrò n'Ìbàdàn nítorí jẹjẹrẹ, ọkọ mi nìkan ló mọ̀ ní Ṣakí, àti obìnrin tí a jọ máa ń gbàdúrà. Àwọn yòókù gbọ́ pé mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn ò sì béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Télọ̀ ni mí. Iṣẹ́ mi ni kí n fi téèpù yí àyà àwọn obìnrin ká, kí n sì rán aṣọ tí yóò bá wọn lára mu. Mo di àkísà rírọ̀, mo rán an mọ́ inú kọ́mú mi, mo sì padà sídìí iṣẹ́.

Èmi àti obìnrin yẹn ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin láti ìgbà tí a kò tíì lọ́kọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni àkọ́bí mi bọ́ sí lọ́jọ́ tí ìrọbí mú mi nígbà tí ọkọ mi wà l'óko. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, a máa ń jókòó sábẹ́ igi emi tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sọ ohun tó ń jẹ wá lọ́kàn, a ó sì gbé e síwájú Ọlọ́run. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un. Mo tú bọ́tìnnì bùláòsì mi, mo fi ojú àpá náà hàn án. Ó sunkún ju èmi gan-an lọ. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, a jọ wà níbẹ̀ ni. Kò ní ti ẹnu mi jáde."

Lọ́jọ́ ọjà kan, oníbàárà mi kan wá wọn bùbá. Bí mo ṣe na téèpù yí i ká, mo rí i pé àyà mi ló ń wò.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. A ń fi yín sínú àdúrà."

"Àdúrà kí ni?"

"Ti ọmú yín ni, mà. Ọ̀rẹ́ yín ló sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn obìnrin, lọ́jọ́ tí ẹ ò wá. Ó ní kí gbogbo wa dìde kí a gbà á ládùúrà."

Téèpù bọ́ lọ́wọ́ mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, obìnrin kan ti wá gba aṣọ rẹ̀ tí mi ò tíì gé. Kò wọlé rárá, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí. Ó ní wọ́n ní àìsàn yẹn máa ń ranni.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé. Ó ń sá gbodo iṣu tí yóò fi ṣe èlùbọ́ sórí àpáta lẹ́yìnkùlé. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ lo sọ ọ̀rọ̀ mi?"

Kò ṣẹ́. Ó ní, "Kí àdúrà lè pọ̀ ni mo ṣe sọ ọ́. Àbí kí n dákẹ́ kí o máa kú lọ?"

"Ṣé mo rán ọ níṣẹ́ ni?"

"Inú ń bí ọ ni. Fi lé Jésù lọ́wọ́." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yí gbodo rẹ̀ padà.

Ká ní ó purọ́ ni, bóyá ì bá sàn fún mi. Ó dá a lójú pé ohun rere ló ṣe. Ìtìjú mi ló lò láti fi hàn wọ́n bí òun ṣe láàánú tó.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè gbàdúrà mọ́. Bí mo bá ti kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ ni mò ń rí. Mo tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi tó wà níwájú ilé, mo jókòó sílé. Ìyá mùsùlùmí kan tí ilé wọn kan tiwa ló wá kan ìlẹ̀kùn, ó gbé àǹkárá dání. Èmi ló máa ń pè ní Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó ní, "Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ yín mọ́. Iléyá ti dé tán, ta ni yóò rán aṣọ mi?"

Mo mọ̀ pé òun náà ti gbọ́, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ń wò. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì kí n wọn òun, kò fà sẹ́yìn nígbà tí àyà mi kan tirẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ náà ni àdúrà ti padà sẹ́nu mi. Mi ò lè sọ pé mo dárí ji ọ̀rẹ́ mi, nítorí náà mi ò sọ ọ́. Ohun tí mo rí ni mo ń dúpẹ́ lé lórí. Olúwa, mo dúpẹ́ fún ẹsẹ̀ tó ń tẹ ẹ̀rọ. Mo dúpẹ́ fún apá òsì tí kò wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo dúpẹ́ fún ọkọ mi tó ń gbé omi gbígbóná wá fún mi láràárọ̀, tí kì í gbójú kúrò bí mo bá ń bọ́ṣọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo padà sáàárín àwọn akọrin. Ẹ̀gbẹ́ mi ni ọ̀rẹ́ mi dúró sí, ohùn rẹ̀ ń bá tèmi lọ bí ó ti máa ń ṣe. Ó dùn létí, ó sì ń ta mí lára.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, obìnrin kan wá láti Ògbooro. Kókó kan wà lọ́mú rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì ní kó máa fi àgbo wẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Wọ́n ní ó ṣe ẹ̀yin náà, mà, ẹ sì wà láàyè." Mo ti ìlẹ̀kùn, mo tú bọ́tìnnì mi, mo jẹ́ kó wò ó. Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ sí ọsibítù. Wọ́n tètè rí i, wọ́n sì yọ ọ́. Ó ti padà sóko iṣu rẹ̀ báyìí.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́. Ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, inú rẹ̀ ń dùn. "Ṣé o ti rí i? Ká ní mi ò sọ ọ́ ni ńkọ́?"

Mo ní, "Ọlọ́run ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ, o ṣì jẹ mí ní gbèsè ẹ̀bẹ̀."

Títí di òní, kò tíì bẹ̀ mí. Nígbà òjò tó kọjá, ibà dá a dùbúlẹ̀. Mo po ẹ̀kọ gbígbóná, mo gbé e lọ fúnra mi, mo sì jókòó tì í títí ó fi mu ún tán. Nígbà tí mo ń padà sílé, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò dá àdúrà dúró lẹ́nu mi mọ́.